Gbólóhùn Kan Tí Mo Fi Kún Ọ̀rọ̀ Abíọ́dún

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ronú irú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ọjọ́ ayé yín ṣe, mo kí yín o. Olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún yín. Ó ní kí n má jẹ́ kó gùn. Èmi tí mo fi ogójì ọdún ó lé díẹ̀ bá àwọn ènìyàn kọ̀wé, ọmọ àná wá ń kọ́ mi bí ìwé ṣe máa gùn tó. Ẹ jókòó dáadáa, yóò gùn.

Iṣẹ́ tí mo ṣe kò ní orúkọ kan pàtó mọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, akọ̀wé iwájú kóòtù ni wọ́n ń pè wá. Nígbà tó yá, mo di Mọ̀mí Táìpù, mo tún di Mọ̀mí Kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo máa fi fẹ̀yìn tì, Mọ̀mí Ádímììnì ni gbogbo ènìyàn ń pè mí, nítorí pé èmi ni mo ń ṣàkóso gúrúùpù àwọn ará agbègbè wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ nínú tí kò lè kọ ọ́ ló ń wá bá mi, èmi ni mo sì ń bá a gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó gbọ́.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Òkè-Ìmẹ̀sí ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo jáde ilé-ẹ̀kọ́ mọ́dà, èyí tí a ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láyé ìgbà náà, agbára bàbá mi kò gbé e láti rán mi síwájú. Ó mú mi lọ sí Àrámọ̀kọ́, ó fà mí lé Ọ̀gá Ajíbóyè lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́ta, ó fún wọn ní àkùkọ kan, ó wọkọ̀ padà sílé. Owó tí mo wá ń rí nígbà tí mo gba òmìnira, ẹ má bi mí. Ó tó mi jẹun, ó sì rán ọmọ mẹ́rin lọ sílé-ìwé.

Ọ̀gá Ajíbóyè gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ará Ìkìrun ni wọ́n, àwọn òbí wọn ló wá tẹ̀dó sí Àrámọ̀kọ́. Wọ́n tín-ín-rín, wọn kì í rẹ́rìn-ín, bàtà wọn a sì máa dán láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nínú eruku tí gbogbo wa ń rìn. Ṣọ́ọ̀bù wọn dojú kọ kóòtù ìbílẹ̀. Táìpù kan, àga méjì, bẹ́ǹṣì kan, ó tán. Mo bá àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńlá pàdé lẹ́yìn ìgbà náà, n kò tíì rí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ọkùnrin yẹn.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan táìpù. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí n máa gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ. Tí oníbàárà bá sọ tirẹ̀ tán, Ọ̀gá á kọjú sí mi.

"Fúnmiláyọ̀, kí ni wọ́n wí?"

Màá tún un sọ. Wọ́n á bi oníbàárà pé, "Ṣé bí ẹ ṣe wí i nìyẹn?" Tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa dìde lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà títí tí oníbàárà mìíràn á fi dé, gbogbo àwọn tó ń ti kóòtù bọ̀ á máa wò mí. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ní ọkọ òun sọ ife mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó kàn mí, mo ní ọkọ rẹ̀ bínú, ó sọ ife mọ́lẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé ó bínú?" ni Ọ̀gá wí. "Ife ni wọ́n rí. Ṣé o wà níbẹ̀ ni?"

Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Inú bí mi lọ́jọ́ náà ju ọkọ obìnrin náà lọ.

Ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ sí gbogbo akọ̀wé tó kù nìyí. Rìbọ́nnù táìpù ayé ìgbà yẹn máa ń ní àwọ̀ méjì, dúdú lókè, pupa nísàlẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn kì í lo pupa àyàfi fún àkọlé. Ọ̀gá mi kì í fi kọ àkọlé rárá. Ohun tí oníbàárà bá fi ojú ara rẹ̀ rí, wọ́n á fi dúdú kọ ọ́. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un, wọ́n á yí i sí pupa. Kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun, wọ́n á béèrè pé, "Ṣé ẹ rí i, àbí ẹ gbọ́ ọ ni? Níbo lẹ dúró sí? Tí ẹni náà bá wọlé báyìí, ṣé ẹ lè sọ ọ́ lójú rẹ̀?" Nígbà tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, wọ́n á kà á sókè ní Yorùbá fún oníbàárà kó tó tẹ̀ka sí i. Àwọn akọ̀wé kóòtù mọ ìwé wọn láàárín ọgọ́rùn-ún ìwé nítorí pupa yẹn. Adájọ́ kan tilẹ̀ wí fún wọn lójú mi pé dúdú nìkan ni òun kọ́kọ́ máa ń kà.

Bàbá kan wá láti Ilọ́gbò lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n kọ̀wé pé aládùúgbò òun fi májèlé pa ewúrẹ́ òun mẹ́ta. Ọ̀gá béèrè, bàbá dáhùn. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n fi ìwé náà hàn án. Orúkọ bàbá náà àti iye ewúrẹ́ nìkan ló dúdú nínú rẹ̀.

"Bàbá, ìwé yín ti pupa jù," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ lọ wádìí ohun tí ewúrẹ́ jẹ."

Bàbá bínú jáde, ó ní àwọn ará Ìkìrun ti mọ àṣejù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó padà wá, ó gbé iṣu wá. Èèpo gbágùúdá ni àwọn ewúrẹ́ jẹ ní ẹ̀yìnkùlé òun fúnra rẹ̀. Ọ̀gá gba iṣu, wọn kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo wá ń tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Opó kan wá láti Ẹ̀fọ̀n, ó fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé omi ń ya wọ ilé òun láti ojú títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọ̀ jù lójú mi. Mo fi kún un pé ìkà ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣe ọ̀nà náà, kí ọ̀rọ̀ lè gbóná díẹ̀. Ọ̀gá rí i ní ọjọ́ kejì nínú ẹ̀dà tó wà nílẹ̀. Wọn kò pariwo. Wọ́n fún mi lówó ọkọ̀, wọ́n ní kí n lọ bá ìyá náà ní Ẹ̀fọ̀n, kí n sọ ohun tí mo ṣe fún un, kí n sì gba ìwé náà wá kó tó fi ránṣẹ́. Ìyá náà gbọ́ mi tán, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "èmi ni wọn ì bá wá mú. Ulé mi ni wọn ì bá wá, wọn ò mọ ulé tìrẹ."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó fún mi ní omi mu, ó sì fún mi ní ìwé náà. Mo rò pé mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà tán lọ́jọ́ yẹn, ẹ ó sì rí i níwájú pé n kò kọ́ ọ tán.

Bí irinṣẹ́ ṣe ń yí padà, ẹ̀yin náà gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn òbí yín. Mo gba òmìnira, Ọ̀gá ní kí n má lọ, a jọ ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà dé. Èmi ni mo ra ti ṣọ́ọ̀bù wa, Ọ̀gá sì ti dàgbà nígbà náà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé níbo ni pupa wà. Mo fi hàn wọ́n pé gbogbo àwọ̀ ló wà nínú rẹ̀, inú wọn dùn. Mo wá fi hàn wọ́n bí a ṣe ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ kúrò lójú rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì kan, odindi ìlà kan pòórá.

"Ìyẹn ni pé ẹni tó bá pa irọ́ kò ní rí ibi tó ti pa á," ni wọ́n wí.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ̀rọ ni, Ọ̀gá, kì í ṣe iwin. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n kú. Ṣọ́ọ̀bù di tèmi, mo sì ń bá a lọ bí mo ṣe bá a, àwọ̀ méjì, ìbéèrè mẹ́ta, kí n kà á sókè.

Nígbà tí wọ́n gbé òpó tẹlifóònù sórí òkè, íńtánẹ́ẹ̀tì dé. Mo ra kọ̀ǹpútà mẹ́ta sí i. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wá wo èsì ìdánwò, àwọn ọmọkùnrin kan ń wá kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí àwọn òyìnbó tí wọn kò rí rí. Mo lé wọn jáde. Àwọn fóònù wá gba gbogbo ìyẹn lọ́wọ́ mi, mo rò pé iṣẹ́ ti tán. Ìgbà yẹn ni ọmọ agbègbè wa kan tó ń gbé ní òkè òkun dá gúrúùpù sílẹ̀, ó ní kí n máa bójú tó o nítorí pé èmi ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ará Àrámọ̀kọ́ wà níbẹ̀, ará Ìjerò, ará Ẹ̀fọ̀n, àwọn tó wà ní Ìbàdàn, àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo máa ń gbàgbé oúnjẹ sórí iná. Láyé Ọ̀gá, ìwé tí a bá kọ sí ìjọba a máa pẹ́ ní ọ̀nà, a kì í sì í mọ̀ bóyá ẹnì kan tilẹ̀ ṣí i. Níbi gúrúùpù yìí, ìyá arúgbó kan láti Òkè-Ìmẹ̀sí wá sọ́dọ̀ mi pé kànga ẹlẹ́rọ àdúgbò wọn ti bàjẹ́, pé ẹ̀rọ kò fa omi mọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Kó tó jẹ mọ́ínmọ́ín tó rà tán, ẹnì kan ti dáhùn láti Ìbàdàn pé òun máa rán mẹkáníìkì wá. Ìyá náà ní kí n tún un kà, mo tún un kà, ó ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Irú inú dídùn yẹn, kò sí ìwé kan tí mo tẹ̀ lórí táìpù tó fún mi rí.

Ariwo wà níbẹ̀ o, kì í ṣe kékeré. Àwọn ọmọ olóṣèlú á máa bú ara wọn, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ méjì jà fún ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹni tó kọrin dáadáa níbi ìsìnkú. Tí mo bá yọ ọ̀rọ̀ èébú kúrò, wọ́n á ní mo ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Tí mo bá fi í sílẹ̀, wọ́n á ní mo ń gbè sẹ́yìn ẹni tó bú wọn. Mo kọ́ pé òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ kì í jẹ́ kí ádímììnì sinmi. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n tún ṣe é, màá tún un ṣe.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí n kò tètè rí. Ìka mi ti ń yára. Fóònù kò ní rìbọ́nnù. Mo ń béèrè ìbéèrè Ọ̀gá lọ́jọ́ tí àwọn ènìyàn kò bá pọ̀, mo sì ń fò ó lọ́jọ́ tí wọ́n bá pọ̀.

Abíọ́dún ń din gàrí ní abúlé kan lẹ́bàá Ilọ́gbò. Ọmọ mẹ́ta ló ní. Méjì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé náà, ìkẹta ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ló kà. Ó lè kàwé tí ó bá rọra, ṣùgbọ́n kò lè kọ ọ́ sórí fóònù. Ó ti gbìyànjú láti fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúùpù lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó dáhùn, nítorí pé àwọn tó wà lókè òkun kì í ní sùúrù fún ohùn gígùn. Ó wá bá mi lọ́jọ́ ọjà kan, ó gbé fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

"Mọ̀mí, ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n ti ṣí páànù ulé-ùwé àwọn ọmọ wa, kíláàsì méjì. Wọ́n ní àwọn í bọ̀ wá tún un ṣe. Òjò í pa àwọn ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bá kọngilá tó gba uṣẹ́ náà, kò dá mi lóhùn."

Gbólóhùn mẹ́rin. Mo tẹ̀ wọ́n bó ṣe sọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ènìyàn ti ń sọ ọ́ káàkiri inú gúrúùpù pé kọngilá náà ti kó páànù lọ bo ilé tó ń kọ́ ní Adó. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́. Ẹni mẹ́ta ń dúró dè mí, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, ọmọ Abíọ́dún ń sunkún. Ìka mi tẹ ìkarùn-ún sí i: *Páànù ilé-ìwé wa ló wà lórí ilé rẹ̀ ní Adó báyìí.* N kò kà á fún un. Mo rán an lọ, mo dá fóònù rẹ̀ padà, ó dúpẹ́.

Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé gúrúùpù mìíràn, wọ́n fi àwòrán kọngilá náà sí i, wọ́n ń pè é ní olè. Ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn ọlọ́pàá lọ bá Abíọ́dún nídìí agbada gàrí, wọ́n gbé òun àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Kọngilá ti pe ẹjọ́ pé ó fi íńtánẹ́ẹ̀tì tan irọ́ ká láti ba òun lórúkọ jẹ́.

Lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ Ìjerò, obìnrin kékeré kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ló ní òun máa gba ẹjọ́ náà láìgba kọ́bọ̀. Òun ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní wọ́n ṣe òfin orí íńtánẹ́ẹ̀tì nítorí àwọn gbájúẹ̀ àti àwọn tó ń halẹ̀ mọ́ ènìyàn, pé òfin tó dára ni, ṣùgbọ́n apá kan wà níbẹ̀ tó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó bá mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì tàn án ká láti dá wàhálà sílẹ̀. Apá yẹn ni àwọn tí wọn kò fẹ́ kí a bi wọ́n ní ìbéèrè máa ń sá lọ bá.

"Mọ̀mí, gbólóhùn mẹ́rin inú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ kàn án," ni ó wí. "Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ló kó o sí wàhálà. N kò mọ ohun tó mú un sọ ọ́."

N kò sọ fún un pé èmi ni. Ẹ̀yin ọmọ, ọjọ́ méjì ni mo fi dákẹ́. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, mo sọ fún ara mi pé wọn kò ní pẹ́ fi í sílẹ̀, ó ṣáà ní ọmọ lẹ́yìn. Nínú gúrúùpù, gbogbo ènìyàn ń kọ ọ́ pé kí wọ́n tú Abíọ́dún sílẹ̀, èmi náà kọ ọ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ní ọjọ́ kẹta mo se ẹ̀kọ, mo di aṣọ ọmọ, mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n mú un jáde wá síwájú káńtà. Ó rù díẹ̀, ọmọ ń sùn.

"Abíọ́dún, gbólóhùn yẹn," ni mo bẹ̀rẹ̀.

"Mo mọ̀, Mọ̀mí. Wọ́n kà á fún mi. Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo sọ ọ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún wọn?"

"Wọn ò bi mí pé ta ló kọ ọ́. Wọ́n bi mí pé ta ló ni fóònù." Ó tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n. "Wọ́n á tún mú ẹ̀yin náà, kí ni í máa ṣe wá? Ta ni í máa bá wa kọ ọ́?"

Omi bọ́ lójú mi níwájú àwọn ọlọ́pàá. Ó sọ fún mi pé àwọn tí kọngilá rán ti wá bá òun. Wọ́n ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kó sọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà pé irọ́ ni òun pa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó bẹ kọngilá, òun á sì sùn sílé lọ́jọ́ náà. Ó kọ̀.

"Ti ulé Adó yẹn, mo ní kí wọ́n pa á rẹ́, n ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ulé-ùwé, mo rí i. Òjò í rọ̀ sórí àwọn ọmọ náà báyìí tí mo dúró síhìn-ín. Ṣé kí n wá sọ pé mi ò rí i?"

Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ̀wé láyé mi, olóyè, tísà, ọkùnrin tó dé fìlà ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní kí n bá àwọn yí ọ̀rọ̀ padà nígbà tí ẹ̀rù bà wọ́n. Obìnrin tó ka ìwé mẹ́ta yìí, tí ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, tó jẹ́ pé irọ́ kan péré ló kù kó lè sùn sílé, ó mọ ibi tí ohun tó rí parí sí àti ibi tí ohun tí kò rí ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Mo gbà fún un títí dòní.

Láti àgọ́ ọlọ́pàá, n kò lọ sílé. Mo gun ọ̀kadà lọ sí ilé-ìwé náà, nítorí pé pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti kọ, n kò tíì débẹ̀ rí. Kíláàsì méjì ló ṣí sí ojú ọ̀run. Omi dúró nílẹ̀. Wọ́n ti kó àwọn ọmọ kíláàsì méjèèjì sí abẹ́ igi máńgòrò kan, tísà ń fi èédú kọ ìṣirò sára pátákó tí òjò ti fọ̀. Mo dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi jáde. Mo wá lọ bá Lọ́yà.

"Èmi ni mo kọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ búra ní kóòtù."

Lọ́yà wò mí. "Mọ̀mí, tí ẹ bá búra báyìí, wọ́n lè yí ẹjọ́ náà sórí yín."

"Ẹ kọ ọ́."

Ó kọ ọ́, mo búra, mo fọwọ́ sí i. Mo tún kọ ọ́ sínú gúrúùpù, níbi tí mo ti ṣẹ̀: *Èmi Fúnmiláyọ̀ ni mo kọ gbólóhùn tó sọ nípa ilé ní Adó. N kò rí ilé kankan. Àgbọ́sọ ni. Abíọ́dún kò sọ ọ́, kò sì mọ̀ pé mo fi kún ọ̀rọ̀ òun. Mo bẹ kọngilá náà lórí ìyẹn. Gbólóhùn mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ti Abíọ́dún, mo sì ti lọ fi ojú ara mi rí kíláàsì méjèèjì.*

Inú gúrúùpù dà rú. Àwọn kan ní kọngilá ti bọ́ mi yó. Àwọn kan ní mo ti dàgbà jù fún iṣẹ́ náà, n kò sì lè bá wọn jiyàn. Ẹnì kan láti Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ́ pé èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí òun máa rí ẹni tó jẹ́wọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọlọ́pàá pè mí, wọ́n dá mi dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, fíkà ìjọ wa ló wá dúró fún mi.

Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú adájọ́, Lọ́yà bi agbẹjọ́rò kọngilá ní ìbéèrè kan ṣoṣo. "Ṣé òrùlé wà lórí kíláàsì méjèèjì lónìí, àbí kò sí?" Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé nípa ìwé àdéhùn. Adájọ́ ní kó dáhùn. Ó ní kò sí. Adájọ́ ní nínú gbólóhùn márùn-ún, ọ̀kan ni kò ní ẹlẹ́rìí, ẹni tó ni ín sì ti jẹ́wọ́, ó ti tọrọ àforíjì ní gbangba. Ó ní kí Abíọ́dún máa lọ sílé. Èmi, ó bá mi wí lórí ìdúró, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó yẹ mí, mo sì gbà á. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Abíọ́dún lò níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́ jẹun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀, n kò ní sọ pé kí ẹ má ṣe é. Iṣẹ́ tó dára ni. Kò sí ìgbà kan nínú ayé tí obìnrin abúlé tó ń din gàrí fi lè bá gbogbo àgbáyé sọ̀rọ̀ bí ìsinsìnyí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òfin dẹ́rù bà yín débi tí ẹ máa dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹni tó ni orúkọ tó wà lókè ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n máa wá mú, kì í ṣe ẹni tí ìka rẹ̀ yára.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n fi í sílẹ̀, Abíọ́dún wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti ń retí pé yóò bú mi, mo tilẹ̀ fẹ́ kó bú mi. Ó kí mi, ó jókòó, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì.

"Mọ̀mí, wọn ò tíì bo ulé-ùwé náà o. Mo ti ibẹ̀ í bọ̀ ni."

Mo na ọwọ́ sí fóònù náà. Ó fi ọwọ́ bò ó.

"Rárá o, ẹ má bínú. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe í ṣe é. Èmi fẹ́ kọ ọ́ fúnra mi."

Ó dùn mí. N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí wọ eegun. Nínú ìrora náà, inú mi tún yọ̀, méjèèjì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé àga mi sún mọ́ tirẹ̀. Mo fi ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà hàn án, mo fi hàn án bí wọ́n ṣe ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ìka tí agbada gàrí ti jó lára. Gbólóhùn mẹ́ta gbà á ní wákàtí kan ó lé. Oníbàárà méjì dé, mo ní kí wọ́n máa lọ. Nígbà tó parí, ó kà á sókè fúnra rẹ̀, ó sì rán an lọ. Fóònù tèmi dún lórí tábìlì.

*Abíọ́dún ni mo ń jẹ́. Kíláàsì méjì kò tíì ní òrùlé. Mo débẹ̀ láàárọ̀ yìí.*

Iṣẹ́ ìkẹyìn tí mo ṣe nìyẹn kí n tó fẹ̀yìn tì. N kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.